Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Níbo ni Ọkùnrin Ẹlẹ́rìn-ín ti wá?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Ọmọ yunifásítì ni mí, Tanke ni mò ń gbé níbí ní Ìlọrin. Àwa mẹ́rin la jọ wo ánímè, eré àwòrán ilẹ̀ Jàpáànù, tí wọ́n ń pè ní Ghost in the Shell: Stand Alone Complex títí ó fi parí, ìjà sì ti dé sáàárín wa. Ọ̀kan nínú wa ní fíìmù The Matrix ni wọ́n wò kọ. Òmíràn ní inú ìwé Amẹ́ríkà kan ni wọ́n ti jí ọ̀rọ̀ Ọkùnrin Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀daràn inú eré náà, mú. Èmi náà ń ya ìtàn aláwòrán tèmi lọ́wọ́, Ìlọrin ni mo sì fi í sí. Mo fẹ́ mọ ibi tí irú èrò báyìí ti ń wá, kí n lè mọ ibi tí èmi náà yóò ti lọ wá a. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ The Matrix ni ká fi ṣíwájú, torí kò gba àkókò. Ọdún 1999 ló jáde. Masamune Shirow ti bẹ̀rẹ̀ máńgà (ìtàn aláwòrán Jàpáànù) Ghost in the Shell láti 1989, Mamoru Oshii sì sọ ọ́ di fíìmù ní 1995. Àwọn Wachowski tó ṣe The Matrix fúnra wọn ló gbé fíìmù Oshii yìí síwájú Joel Silver, ẹni tó bá wọn gbé iṣẹ́ náà jáde, tí wọ́n ní irú èyí gan-an ni àwọn fẹ́ fi ènìyàn ẹlẹ́ran ara ṣe. Bí o bá ń wá ẹni tó wo ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, o ti rí i. Eré alápá púpọ̀ tí ẹ̀yin wò yìí, ọdún 2002 ni iléeṣẹ́ Production I.G gbé e jáde. Kenji Kamiyama ló darí rẹ̀, ẹni tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Oshii. Apá 26 ló ní.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó: ilẹ̀ Jàpáànù ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún 2030. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi ẹ̀rọ kún ọpọlọ wọn, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń wọ inú orí wọn tààrà. Ti Motoko Kusanagi, obìnrin tó jẹ́ akọni ìtàn náà, tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ara rẹ̀ ló jẹ́ àtọwọ́dá. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Ẹ̀ka Kẹsàn-án, ni ìjọba ń rán sí ọ̀ràn tó bá ta kókó. Èyí tó ta kókó jù ni ti Ọkùnrin Ẹlẹ́rìn-ín, hákà kan (ẹni tó ń já wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn) tó yọ ìbọn sí ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ Serano níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ní 2024, tó ní kó sọ òtítọ́ fún aráyé. Ó já wọ inú ojú gbogbo ẹni tó ń wò ó, ó fi àmì kan tó ń rẹ́rìn-ín bo ojú ara rẹ̀ mọ́ wọn lójú. Àwọn aláìnílé méjì tí kò ní ẹ̀rọ kankan nínú orí nìkan ló rí i bó ṣe rí gan-an.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó dárúkọ ìwé Amẹ́ríkà kò purọ́. Bí o bá dá àwòrán dúró níbi tí àmì yẹn ti yọ, wàá rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń yí i po. Inú The Catcher in the Rye ló ti wá, ìwé tí J.D. Salinger tẹ̀ jáde ní 1951. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Holden Caulfield ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Irọ́ àwọn àgbàlagbà ti sú u, ó wá ń rò ó pé òun ì bá kúkú lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ òun, kí òun máa díbọ́n bí adití tó tún yadi, kí ẹnu ayé lè kúrò lára òun. Ìbọ̀wọ́ béésìbọ́ọ̀lù tí Togusa, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ Kusanagi, rí nílé ìtọ́jú yẹn ńkọ́? Inú ìwé kan náà ni. Holden ní àbúrò kan tó ti kú, Allie, ẹni tó fi yíǹkì aláwọ̀ ewé kọ ewì sára ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Orúkọ Ọkùnrin Ẹlẹ́rìn-ín náà, Salinger ló ni ín. Ìtàn kúkúrú tó fi orúkọ yẹn pè, The Laughing Man, jáde nínú The New Yorker ní 1949. Níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń kó àwọn ọmọdékùnrin ṣeré máa ń pa àlọ́ fún wọn nípa ẹnì kan tí àwọn ọlọ́ṣà ba ojú rẹ̀ jẹ́ ní kékeré, tó wá di ẹni tí ń fi ìbòjú rìn. Ní ọjọ́ kan, àárín apàlọ́ náà àti obìnrin tó fẹ́ràn dàrú. Ọjọ́ yẹn ló pa akọni inú àlọ́ náà kú mọ́ àwọn ọmọ lẹ́nu. Bí o bá rí ìtàn yìí kà, kà á. Kò gùn.

Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ni mo fẹ́ kí o lọ wá, àbúrò mi, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà.

Ní alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1984, àwọn kan já wọ ilé Katsuhisa Ezaki ní ìlú Nishinomiya. Òun ni ọ̀gá àgbà Glico, iléeṣẹ́ tó ń ṣe súìtì àti bisikíìtì. Inú balùwẹ̀ ni wọ́n ti gbé e lọ. Bílíọ̀nù kan owó yẹ́ẹ̀nì àti 100 kílò wúrà ni wọ́n ní kí wọ́n kó wá. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Ezaki já ara rẹ̀ gbà nínú ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n tì í mọ́. Àwa tí a ń gbọ́ ìròyìn ajínigbé lọ́tùn-ún lósì ní Kwara yìí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a ó sì gbà pé ó tán. Kò tán. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá àti àwọn oníròyìn. Àwọn tó kọ ọ́ ń pe ara wọn ní Abàmì Olójú 21. Wọ́n ń fi ọlọ́pàá ṣẹ̀sín, wọ́n sì ní àwọn ti fi májèlé sáyánáìdì sínú súìtì Glico. Kíá ni wọ́n kó ọjà Glico kúrò lórí àtẹ káàkiri ilẹ̀ náà. Nígbà tó yá, wọ́n fi Glico sílẹ̀, wọ́n bọ́ sọ́rùn iléeṣẹ́ Morinaga, wọ́n sì rí súìtì tí májèlé wà nínú rẹ̀ lóòótọ́ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n lẹ bébà ìkìlọ̀ mọ́. Ọlọ́pàá tajú kán rí ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ jọ ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ kiri, wọn kò rí i mú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1985, ọ̀gá ọlọ́pàá ẹkùn Shiga dáná sun ara rẹ̀. Láàárín oṣù yẹn náà ni àwọn ọ̀daràn yẹn kọ̀wé pé àwọn ti ṣíwọ́. Òfin Jàpáànù ìgbà náà kò gbà kí wọ́n gbé irú ọ̀ràn yìí lọ sí ilé ẹjọ́ mọ́ bí ọdún bá ti gorí ọdún tó iye kan, nígbà tó sì di 2000, ilẹ̀kùn tì pátá. A kò mọ̀ wọ́n títí di òní.

Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ yẹn tún ní ìtàn tirẹ̀. Edogawa Ranpo, bàbá ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Jàpáànù, ti kọ ìwé fún àwọn ọmọdé ní 1936 nípa olè kan tó ní ojú 20, ìyẹn ni pé ó ń pa ìrísí dà lóríṣiríṣi. Àwọn yìí wá fi ojú kan lé e. Edogawa Ranpo fúnra rẹ̀, orúkọ ìnagijẹ ni, ó fi fara wé ìró orúkọ Edgar Allan Poe, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà. Wàá rí i pé àwọn ọ̀daràn ẹlẹ́ran ara lọ mú orúkọ nínú ìwé ìtàn, Kamiyama àti àwọn tó bá a kọ̀wé wá mú ọ̀daràn ẹlẹ́ran ara padà sínú ìtàn.

Gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ wò. Wọ́n jí ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ Serano gbé. Lẹ́yìn náà ni ìhalẹ̀ bọ́ sórí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn. Ọlọ́pàá tẹ́. Ohun gbogbo sì dákẹ́ lójijì. Ibi tí eré náà wá ti kọjá ìwé ìròyìn nìyí: ọmọ tó kọ́kọ́ yọ ìbọn yẹn, ohun kan ṣoṣo ló fẹ́, kí ọkùnrin náà jẹ́wọ́. Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, owó tí wọ́n fi ìhalẹ̀ gbà, ìpànìyàn, òṣèlú, àwọn ẹlòmíràn ló fi ojú rẹ̀ ṣe é. Ilé iṣẹ́ fi ṣe é, olóṣèlú fi ṣe é, ọlọ́pàá fi ṣe é, àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ nǹkan kan náà fi ṣe é.

Ẹni tó bá ti dàgbà ní Ìlọrin ní 2004 mọ ohun tí mò ń wí. Mo ń fi fíìmù háyà ní Ọjà-Gbooro nígbà náà. Ariwo gba ìlú pé àwọn nọ́ńbà fóònù kan wà tí ẹni tó bá gbé ìpè wọn yóò kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n kọ nọ́ńbà náà sórí bébà, wọ́n ń ṣe fọ́tókópì rẹ̀ pín kiri. Ọmọbìnrin tó ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi kò gbé ìpè tí kò bá mọ ẹni tó ni ín mọ́. Mo bi í pé ẹnu ta ló ti gbọ́ ọ. Ó ní ẹnu ẹnì kan tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan ní Ọjà Ọba. Ó kárí Nàìjíríà, àfìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù jáde wá sọ pé irọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Kálukú rò pé aládùúgbò òun ni òun ń ràn lọ́wọ́, síbẹ̀ gbogbo wọn ń ṣe ohun kan náà bí ẹni tó jọ ṣèpàdé. Ohun tí wọ́n fi sọ eré yìí ní Stand Alone Complex nìyẹn: àwọn èèyàn tó dá dúró, tí kò mọra, tí ìṣe wọn jọra, tí wọ́n sì ń ṣe àdàkọ ohun tí kò ní orísun. Ní apá tó kẹ́yìn, nígbà tí wọ́n jókòó sọ ọ́ láàárín ìwé ní ilé ìkàwé, wọ́n dárúkọ Fredric Jameson ti Amẹ́ríkà àti Osawa Masachi ti Jàpáànù, àwọn onímọ̀ méjì tó ti ronú lórí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ oògùn inú eré náà ló dùn mí jù. Àrùn kan ń sọ ọpọlọ àwọn èèyàn di òkúta, oògùn Murai wà tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́, àwọn tó ń jẹ èrè lórí ẹ̀rọ olówó ńlá wá tì í mọ́lẹ̀, kò rí àṣẹ gbà. Àwọn ará Jàpáànù tó ń wò ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Chisato Maruyama, oníṣègùn awọ ara, ti ṣe oògùn kan ní 1944 láti ara kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Nígbà tó yá, àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ní 1981, àwọn aláṣẹ ìlera kọ̀ láti fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ torí ẹ̀rí rẹ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Síbẹ̀ wọ́n gbà kí àwọn tó fẹ́ ẹ máa san owó gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n ṣì ń dán wò. Mi ò sọ pé oògùn náà ń wo jẹjẹrẹ sàn o. Ohun tí eré mú nínú rẹ̀ ni ìbéèrè tó wà lọ́kàn aláìsàn: ta ló ń pinnu, ta ló sì ń jèrè?

Ti àwọn fíìmù, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Blade Runner ti 1982 àti ìwé Neuromancer ti William Gibson, 1984, ni gbogbo èèyàn ń dárúkọ, òótọ́ sì ni, ìlú tó kún fún iná àti òjò wá láti ibẹ̀. Apá kẹta, ti ọmọkùnrin tó fẹ́ràn róbọ́ọ̀tì obìnrin, inú Breathless ti Jean-Luc Godard, 1960, ni róbọ́ọ̀tì náà ti ń fa ọ̀rọ̀ yọ. Nínú apá 15, ọ̀kan nínú àwọn Tachikoma, ẹ̀rọ ogun tó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọdé, ń ka Flowers for Algernon ti Daniel Keyes, ìtàn ọkùnrin tí iṣẹ́ abẹ sọ di ọlọ́gbọ́n tí ọgbọ́n náà sì tún ń fi í sílẹ̀. Ó yẹ Tachikoma láti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, torí àwọn náà ń gbọ́n sí i lójoojúmọ́, àwọn ọ̀gá wọn sì ń jókòó lórí bóyá kí wọ́n tú wọn ká. Apá 12 ni oníbàárà mi kan, telọ̀, máa ń wá háyà ṣáá. Òun ni ti olùdarí fíìmù tí ọpọlọ rẹ̀ wà nínú àpótí, tó kọ́ ilé sinimá sínú ọkàn ara rẹ̀, tí àwọn tó wọlé kò fẹ́ jáde mọ́. Telọ̀ náà ní bó bá jẹ́ òun ni, òun náà kò ní jáde.

Fún ìtàn aláwòrán tìrẹ, má bẹ̀rẹ̀ láti ara róbọ́ọ̀tì. Lọ wá The Herald àtijọ́, ìwé ìròyìn ìpínlẹ̀ wa, kí o ka ọ̀ràn tí wọn kò rí ìdí rẹ̀. Gbọ́ àwo dadakúàdà Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú, kí o gbọ́ bó ṣe ń fi olóṣèlú ìgbà tirẹ̀ kọrin. Bá àwọn ìyá tó wà ní Ọjà Ọba láti ìgbà pípẹ́ sọ̀rọ̀. Ìgbà tí o bá ti rí ọ̀ràn kan tí kò jẹ́ kí o sùn ni kí o tó wá ronú irú ẹ̀rọ tí wàá fi sí i. Fi ojú ewé tí o bá kọ́kọ́ yà ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ rí i.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olùdáhùn wa, mo kí yín láti Ọ̀fà. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 16, eré tí wọ́n ń pè ní Ghost in the Shell yìí ló ń wò tọ̀sán-tòru. Ó ní wọ́n ń yọ ẹ̀mí èèyàn sínú ara irin. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé ẹ̀kọ́ ni, àbí nǹkan òkùnkùn? Ṣé irú rẹ̀ tiẹ̀ wà láyé?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè rẹ̀. Kò sí ẹbọ tàbí awo nínú rẹ̀. Ìbéèrè tó gbé dání ti pẹ́ láyé. Descartes, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Faransé, gbà pé ọ̀tọ̀ ni ọkàn, ọ̀tọ̀ ni ara. Ní 1949, Gilbert Ryle, olùkọ́ ní Oxford, ta kò ó, ó ní ńṣe ni irú èrò bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó ní iwin ń gbé inú ẹ̀rọ. Arthur Koestler mú gbólóhùn yẹn, ó fi sọ ìwé tirẹ̀ lórúkọ ní 1967, ara rẹ̀ ni Shirow sì ti rí orúkọ máńgà rẹ̀. Ohun tí eré náà ń bi wá ni pé bí wọ́n bá pààrọ̀ ọwọ́ èèyàn, wọ́n pààrọ̀ ẹsẹ̀, wọ́n pààrọ̀ gbogbo ara, ṣé ẹni yẹn náà ló kù níbẹ̀? Mùsùlùmí lè jókòó lórí ìbéèrè yìí, Kìrìsìtẹ́nì náà lè jókòó lórí rẹ̀, kí ìgbàgbọ́ wọn má yẹ̀.

Ti pé ṣé ó wà láyé, díẹ̀ wà. Ní 1924, Hans Berger ní Jámánì kọ́kọ́ gba àmì iná mànàmáná inú ọpọlọ èèyàn sílẹ̀ láti orí rẹ̀. Ní 1960, Manfred Clynes àti Nathan Kline ronú nípa bí a ṣe lè so ẹ̀rọ mọ́ ara èèyàn kó lè gbé inú òfurufú, àwọn ni wọ́n sì dá orúkọ tí à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, cyborg. Ní 2004, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré sínú ọpọlọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, ó sì fi ìrònú lásán darí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ wo irú àánú tó wà nínú ìyẹn fún ẹni tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ nínú eré náà, tó ń jẹ́ kí èèyàn dẹni àìrí, Susumu Tachi àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Tokyo ti ṣe irú rẹ̀ kan: aṣọ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, tí wọ́n ń tan àwòrán ohun tó wà lẹ́yìn ẹni tó wọ̀ ọ́ sí lára. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ ẹ̀mí èèyàn gbé sínú irin, ìyẹn kò sí.

Ìhòòhò àti ẹ̀jẹ̀ wà nínú eré náà, mi ò ní fi í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Fún ọmọ yín, ẹ jókòó tì í. Ẹ ní kó fi apá kejì hàn yín. Ọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ gan-an ni, ara rẹ̀ kò le láti kékeré. Ẹ̀sìn àwọn òbí rẹ̀ kò gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ sí i lára. Nígbà tó kú, wọ́n gbé ọpọlọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ogun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ọkọ̀ ogun náà já, ó ń bọ̀ nílùú, gbogbo èèyàn ń sá, wọ́n rò pé ó ń lọ pa àwọn òbí rẹ̀ ni. Ó kàn fẹ́ kí ìyá òun rí ara irin òun ni. Ìyá ni yín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa yé yín níbẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí ọmọ yín máa sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbéèrè: Láti Òmù-Àrán. Ẹ kú àlàyé. Ṣé máńgà ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ ni, àbí fíìmù 1995, àbí eré alápá púpọ̀? Dátà mi kò pọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ fi eré alápá púpọ̀ ti 2002 bẹ̀rẹ̀. Kò dúró lé fíìmù Oshii lórí, ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀. Apá 14 nínú 26 ló dá dúró, 12 ló jẹ́ ìtàn Ọkùnrin Ẹlẹ́rìn-ín. Bí dátà bá há, ẹ wo apá 4, 5, 6, 9 àti 11, kí ẹ sì gba 20 lọ dé òpin. Ìpele kejì, 2nd GIG ti 2004, da ọ̀rọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn pọ̀ mọ́ ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 1932, ọjọ́ tí àwọn ọ́fíísà ológun ojú omi pa olórí ìjọba Jàpáànù, Inukai Tsuyoshi. Apá kan tún wà níbẹ̀ tó rìn lójú ẹsẹ̀ Taxi Driver ti Martin Scorsese.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ fo apá kẹsàn-án, torí àwọn èèyàn kan jókòó ń sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí ìjà kankan. Ẹ má fò ó. Gbogbo àhesọ nípa Ọkùnrin Ẹlẹ́rìn-ín ló kóra jọ síbẹ̀, ẹ ó sì rí bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń fi tirẹ̀ kún un.